Aṣọ Pẹpẹ ní Àwọn Ọjọ́ Tí Kò Sí Póòpù

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá ìjọ náà ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni mo fi fọ aṣọ pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kankon. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ló sì ní kí n dúró. Nígbà tí Fadá ní kí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wá bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ tèmi sílẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Ohùn mi kì í jáde láàárín èèyàn. Ohùn tí kò jáde yẹn ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi tí mi ò lè rí gbà padà, òun gan-an ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún ní Gbaji. Màmá mi kò lè dá gbọ́ bùkátà gbogbo wa, wọ́n sì mú mi lọ sọ́dọ̀ Màmá Moníkà, ìbátan wọn kan ní Kankon tí kò bímọ. Màmá Moníkà ni wọ́n ń tọ́jú aṣọ pẹpẹ. Oúnjẹ wà, ibi tí mo máa sùn wà, nígbà tí mo sì dàgbà tó, ṣọ́ọ̀ṣì ń fún mi ní nǹkan lóṣooṣù. Ó tán níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé gan-an ni Póòpù kú, èyí tó ti wà lórí oyè tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Èmi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń jẹ́ Póòpù. Ohun tí mo rí ni obìnrin gíga kan nínú yàrá aṣọ tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, tí wọ́n dúró ti tábìlì, áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ́wọ́ wọn, tí omi ń dà lójú wọn. Wọn ò nù ún. Wọ́n kàn ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi náà lè kán sílẹ̀, kí ó má bàa kán sórí aṣọ.

"Wá síbí, Sènámi," wọ́n ní. "Ṣé o mọ aṣọ yìí?"

Mo mi orí.

"Ẹnu ni wọ́n fi ń dá àgbà lóhùn."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Ó dáa. Ohùn ẹ ò tóbi, ṣùgbọ́n ó wà."

Aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun ni, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba. Kọ́pórà là ń pè é. Òun ni Fadá máa ń tẹ́ sórí pẹpẹ kí wọ́n tó gbé búrẹ́dì àti ife wáìnì lé e. Bí a ṣe ń ká a, ó máa ń ní ojú mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òòró. Màmá kì í lọ̀ ọ́ lásán. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn tí wọ́n ń gbàdúrà fún, tí wọ́n á sì gbà á sókè bí áyọ́ọ̀nù bá ṣe ń kọjá lórí rẹ̀: àwọn aláìsàn, àwọn aboyún, àwọn tó wà lójú omi, àwọn tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní bọ́dà, àwọn òkú wa. Ojú tó wà láàárín gbùngbùn ni ti Póòpù. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní, "Àárín ni wọ́n ń gbé ife lé. Òun ló ń gbé ẹrù."

Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí áyọ́ọ̀nù dé àárín, Màmá kò dá orúkọ kankan. Wọ́n dákẹ́ fún ìwọ̀n èémí kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ẹni tí Ìwọ ti mọ̀ ṣáájú wa, Olúwa, dì í mú."

Wọ́n wá yíjú sí mi. "Níbi Mísà, tí Fadá bá dé ibi tí wọ́n ti máa ń dá orúkọ Póòpù, wọ́n á fò ó báyìí, títí wọ́n á fi yan òmíràn. Àyè ibẹ̀ á ṣófo. Àwọn kádínàlì á wọlé ní Róòmù, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á dìbò. Ṣùgbọ́n èèyàn ni wọ́n. Ẹ̀rù lè bà wọ́n. Ọ̀rẹ́ lè fà wọ́n sọ́tùn-ún, fà wọ́n sósì. Àwa tí a wà níbí ní iṣẹ́ tiwa. Tí a bá dákẹ́, àwọn nìkan la fi sílẹ̀ yẹn."

"Ṣé wọ́n á gbọ́ wa ní Róòmù?"

"Ta ló ń bá Róòmù sọ̀rọ̀?" wọ́n ní. "Fẹ́ná sí èédú yẹn, ó ti ń kú."

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e le jù ú lọ.

Aṣọ kékeré kan wà tí Fadá fi ń nu inú ife lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mu wáìnì mímọ́ tán. Omi tí a bá kọ́kọ́ fi ṣan aṣọ yẹn, a kì í dà á síbi tí omi ìdọ̀tí ń gbà. Ìdí igi àgbọn tó wà lẹ́yìn yàrá aṣọ ni a ń dà á sí, lórí ilẹ̀ mímọ́, kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ mu ún. Ọdún kejì mi ni. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi ń pè mí láti ẹnu géètì pé eré ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìdí àgbọn jìnnà díẹ̀, gọ́tà sì wà níwájú mi. Mo da omi náà sínú gọ́tà.

Màmá ti rí mi láti ojú fèrèsé. Wọ́n jáde.

"Níbo lo da omi yẹn sí?"

Mo fi ọwọ́ tọ́ka.

"Mo bi ẹ́ léèrè."

"Gọ́tà, Màmá."

Mo ti di ojú, mo ń retí ìgbájú. Nígbà tí mo là á, wọ́n ti ká ìró wọn dé orúnkún, wọ́n ti wọ inú gọ́tà náà, wọ́n sì ń fi ọwọ́ méjèèjì kó ẹrọ̀fọ̀ ibẹ̀ sínú báàsì. Wọ́n gbé e lọ sídìí àgbọn, wọ́n dà á síbẹ̀, wọ́n padà wá kó òmíràn. Ìyá Dòsù, ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta ẹja yíyan ní oríta Mowo, ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Moníkà," Ìyá Dòsù ní, "ìjọba ìbílẹ̀ ti gbà ẹ́ síṣẹ́ agbálẹ̀ ni, tí o kò sọ fún wa?"

"Ọmọ mi ló sọ nǹkan nù," Màmá dáhùn. "Mò ń bá a wá a ni."

Ní ìgbà kẹta tí wọ́n wọ inú gọ́tà, èmi náà wọ̀ ọ́. Wọn ò wò mí. A kó o títí a fi kan ìsàlẹ̀ kọnkéré. Nígbà tí a fọ ọwọ́ tán, wọ́n ní, "Nǹkan kékeré ni, àbí? Nǹkan kékeré ni gbogbo iṣẹ́ wa. Tí o bá yọ àwọn kékeré kúrò, kò sí nǹkan tó kù." Wọn ò sọ ọ́ mọ́ láéláé. Ó sàn kí wọ́n ti nà mí.

Àwọn irinṣẹ́ ń yí padà. Áyọ́ọ̀nù eléèédú la fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ gígùn àti sítáàṣì tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe fúnra wa. Lẹ́yìn náà ni áyọ́ọ̀nù oníná dé. Màmá kò fọkàn tán an fún ọdún kan gbáko, wọ́n ní kò ní ìwúwo, pé ńṣe ló ń fọwọ́ pa aṣọ lórí bí olóṣèlú. Tọkọtaya kan láti Èkìtì, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, wá ra ẹ̀rọ ìfọṣọ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, Màmá tẹ̀ lé páìpù ẹ̀rọ náà dé ibi tí ó ń da omi sí, wọ́n sì rí i pé gọ́tà ni. Láti ọjọ́ yẹn, aṣọ tábìlì ńlá àti aṣọ àwọn akọrin ló ń wọnú ẹ̀rọ. Àwọn kékeré kò kúrò lọ́wọ́ wa.

Bílíìsì nìkan ni mo gbà tí Màmá kò fẹ́. Iyọ̀ àti omi gbígbóná ni wọ́n fi ń bá wáìnì tó bá ta sí aṣọ jà, ó sì ń pẹ́. Èmi ń kánjú. Mo ń da bílíìsì sí i nígbà tí wọn kò bá sí nítòsí, ọdún lórí ọdún, ọwọ́ lásán. Àwọ̀ ìka mi là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó jinná, ó tún là. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó jẹ mọ́ omi àti ọṣẹ, ẹ rántí èyí.

Ìgbà kejì tí kò sí Póòpù bá mi ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Póòpù ìgbà yẹn kò kú, ó fi oyè sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí ara àgbà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa gbàdúrà. Nígbà tí mo dé àárín kọ́pórà, mo dá orúkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ní ó ṣáà wà láàyè.

"Ó wà láàyè, Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́," Màmá ní. "Gbé e sí ojú àwọn arúgbó. Àárín ti ṣófo. Tún un ṣe."

Ní àwọn ọjọ́ yẹn, àwọn ìyá márùn-ún ń wá sí yàrá aṣọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí Màmá bá ń lọ aṣọ, wọ́n á máa gbàdúrà, àwọn ìyá á máa dáhùn. Ní ọjọ́ kẹta, Màmá gbé áyọ́ọ̀nù lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ lo máa gbé àdúrà lónìí."

Mo wo ojú àwọn ìyá náà. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo sì jáde lọ dúró sídìí àgbọn. Màmá tẹ̀ lé mi nígbà tí àdúrà parí.

"Màá kú lọ́jọ́ kan," wọ́n ní. "Póòpù tí wọ́n fẹ́ yàn yìí náà á kúrò lọ́jọ́ kan. Tó bá tún di irú àkókò báyìí, ìwọ ló máa gbé e. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Ṣé o gbà?"

"Mo gbà."

Ọdún méjìlá ni mo fi ní ìlérí yẹn lọ́wọ́. Ẹ lè rò pé ó tó láti múra.

Lọ́dún tó ṣáájú èyí, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Màmá. Apá ọ̀tún kú, ẹnu yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ wọn sì ṣẹ́ kù ẹyọ ẹyọ. Láàárín ìgbà kan náà, dókítà wo ọwọ́ mi, ó ní kí n yan ọ̀kan nínú ọwọ́ àti iṣẹ́. Fadá bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn ṣe é di ẹ̀yìn Àjíǹde. Mo gbà.

Ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn Ọjọ́ Àjíǹde gan-an ni ìròyìn dé pé Póòpù ti kú. Aṣọ ọdún ni mò ń ṣan lọ́wọ́. Mo fi í sínú omi, mo sáré lọ sílé. Rédíò ti sọ fún Màmá kí n tó dé. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì, wọ́n nà án sí mi.

"Ìwọ," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Mo gbé tábìlì àti áyọ́ọ̀nù wá sínú yàrá wọn kí wọ́n lè máa rí wa. Ní aago mẹ́rin, àwọn ìyá dé. Mo tẹ́ kọ́pórà. Mo lọ ojú mẹ́jọ, ètè mi ń mì, ohùn kò jáde. Àwọn ìyá rò pé mò ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ ni, wọ́n dúró dè mí. Mo dé àárín. Gbogbo wọn tẹ orí ba. Mo gbọ́ aago ara ògiri. Mo gbọ́ ọkọ̀ lójú títì.

"Sènámi," Ìyá Dòsù ní, "áyọ́ọ̀nù yẹn máa jó aṣọ o."

Mo gbé e sókè. Ìyá Dòsù mú Ròsárì, ó sì gbé àdúrà náà fúnra rẹ̀, kíákíá kíákíá bí ẹni tí òjò fẹ́ ká mọ́ ọjà. Ìdáhùn nìkan ni òun àtàwọn ìyá yòókù mọ̀; kò mọ ètò ojú mẹ́sàn-án, kò há gbólóhùn àárín sórí. Èmi àti Màmá nìkan la mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó gbá mi ní ẹ̀yìn díẹ̀. "Ọkọ tó bá fẹ́ ọmọ yìí, ojú ẹ̀ ni yóò máa kà bí ìwé." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo àjà.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Ẹ má bínú, Màmá. Lọ́la."

Ọjọ́ kejì kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kẹta. Láàárọ̀, mo máa ń lọ sídìí àgbọn láti gbìyànjú. Níbẹ̀, ohùn mi máa ń jáde ketekete: ẹni tí Ìwọ ti mọ̀ ṣáájú wa. Ewúrẹ́ á yíjú wò mí. Tó bá di aago mẹ́rin, tí ojú márùn-ún bá kọ sí mi, kò ní jáde mọ́. Màmá ò bínú. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ara wọn jókòó dáadáa kí aago mẹ́rin tó lù, wọ́n á ní kí n bá wọn we gèlè wọn, bí ẹni tó ń retí àlejò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, mò ń fi síbí bu ẹ̀kọ gbígbóná sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ti síbí náà kúrò, wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tó ti là yìí. Wọ́n ń wá ọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó dé.

"Ohùn," wọ́n ní. Wọ́n sinmi. "Ó wà."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Mo mọ̀, Màmá. Lónìí dandan. Tí wọ́n bá dé."

Òjò ńlá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ìyá kò lè wá. Mo sọ fún Màmá pé ó di lọ́la. Wọ́n mi orí. Nígbà tí mo gbé omi ìwẹ̀ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti lọ.

Ohun tí mò ń rò láti ìgbà náà nìyí. Lọ́sàn-án yẹn, àwa méjì péré la wà nínú yàrá. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó lè mú kí ojú tì mí. Kọ́pórà wà lórí tábìlì. Ǹ bá ti gba àdúrà náà fún wọn nígbà náà, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Aago mẹ́rin ni mò ń dúró dè.

Ọjọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la sin wọ́n. Èmi ni mo lọ kọ́pórà Mísà wọn, mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Kò tíì sí Póòpù. Mo jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Fadá dé ibi tí wọ́n ti máa ń dá orúkọ. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń fò ó kọjá láìdúró, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bóyá nítorí ẹni tó wà nínú pósí, wọ́n dúró díẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí wọ́n ti yọ kúrò. Àyè náà ṣófo. Ẹnu mi sì là.

"Ẹni tí Ìwọ ti mọ̀ ṣáájú wa, Olúwa, dì í mú."

Kò sí ẹni tí wọ́n gbà láyè láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àyàfi àlùfáà. Fadá kò gbé ojú sókè. Láti ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn Ìyá Dòsù, kò kánjú rárá: "Dì í mú." Àwọn ìyá yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Dì í mú." Fadá dúró di ìgbà tí wọ́n parí, wọ́n wá dá orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń bá Mísà lọ. Mo wo pósí. Pákó ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fadá bá mi ní yàrá aṣọ. "A kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Sènámi."

"Mo mọ̀, Fadá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni." Wọ́n bọ́ aṣọ Mísà wọn, wọ́n rọra gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì jáde.

Ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo gbé àdúrà ní aago mẹ́rin. Mo kọ́ àwọn ìyá ní ojú mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Ohùn mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ ọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ti lé díẹ̀ ní aago márùn-ún, a ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ọmọ Ìyá Dòsù pè é lórí fóònù pé èéfín funfun ti jáde ní Róòmù. Àwọn ìyá sáré lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n Fadá. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin ọmọ, irú iṣẹ́ tó bá wù yín ni kí ẹ yàn. Ṣùgbọ́n àyè yẹn á tún ṣófo lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin lẹ ó sì wà níbẹ̀. Ẹ má fi àwọn tó ń dìbò nìkan sílẹ̀. Ẹ má sì dúró de aago mẹ́rin.

Nígbà tí mo ti gbọ́ orúkọ tuntun náà, mo padà sí yàrá aṣọ, èmi nìkan. Mo tẹ́ kọ́pórà kan, èyí tí mo lọ̀ kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo lọ ojú mẹ́jọ pẹ̀lú ohùn tó jáde. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé àárín, mo sì dá orúkọ Póòpù. Kò tíì mọ́ mi lẹ́nu. Mo dúró, mò ń retí kí ẹnì kan ní kí n tún un ṣe.